Kí N Lè Fa Fúnmilọ́lá Lọ́wọ́ Wọ Ṣọ́ọ̀ṣì

Iléṣà. Ọjọ́ Ajé, 1 Oṣù Kẹta 1971

Tíṣà ló ní kí n máa kọ ọ́. Tíṣà Béjidé, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré, tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ṣùgbọ́n tí kò fẹ̀yìn tì lẹ́nu kíkọ́ èèyàn. Ó ní ẹnu dùn ún ròfọ́, kí n kọ ohun tí mo fẹ́ sílẹ̀, kí n kọ ọjọ́ rẹ̀ tì í. Ó dáa. Èmi Ọlágòkè, káfíńtà, mo fẹ́ fa ọmọ mi Fúnmilọ́lá lọ́wọ́ wọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, 24 Oṣù Kẹrin. Láti òní títí dìgbà náà, n kò ní í fẹnu kan ọtí.

Ọ̀rọ̀ tí Fúnmilọ́lá sọ fún mi lánàá ló fà á. Kò pariwo, ìyẹn ló dùn mí jù. Ó ní ọtí wà lójú mi nígbà tí mo ń kan pósí ìyá òun, pósí kúrú, gbogbo ayé dúró dè wá lẹ́bàá kòtò. Ó ní bí mo bá tún mu ún kí òun tó wọ ṣọ́ọ̀ṣì, Bọ̀dá Láńrewájú ni yóò fa òun lọ́wọ́. Láńrewájú, àbúrò mi, awakọ̀ lọ́rì. Kì í mu nǹkan kan ju tíì lọ.

N kò ní í dárúkọ ọtí mọ́ nínú ìwé yìí. Alábàágbé ni n ó máa pè é. Ó ti bá mi gbé pẹ́ ju ìyàwó mi lọ.

Ọjọ́rú, 3 Oṣù Kẹta

Ayùn ń jó lọ́wọ́ mi lórí pákó. Tíṣà ní kí n wá nǹkan fi dípò, kí n máa jẹ orógbó. Mo jẹ ẹ́ títí ẹnu mi fi korò bí ewúro. Orógbó kò jọ Alábàágbé rárá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6 Oṣù Kẹta

Òní náà lọ.

Ọjọ́ Ajé, 15 Oṣù Kẹta

Wọ́n gbé iṣẹ́ pósí wá láti Ìsọ̀kùn. Ìyá arúgbó kan. Mo wọ̀n ọ́n, mo tún un wọ̀n, mo tún un wọ̀n sí i. Kò kúrú.

Ṣùgbọ́n àṣà iṣẹ́ wa nìyí: kí ẹni tó kan pósí tó kan ìṣó ìkẹyìn, àwọn olókùú á bu Alábàágbé fún un. Wọ́n bu ú. Mo ní rárá. Ojú ọmọ olókùú yí padà, ó bi mí bóyá mo ní nǹkan sínú sí ìyá òun. Mo kan ìṣó náà kíá, mo jáde ní ṣọ́ọ̀bù, mo ń rìn lọ lójú ọ̀nà Ìbòkun bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ìgbà tí itọ́ ẹnu mi gbẹ ni mo tó padà. Mo borí. Inú mi dùn bíi ti ọmọdé tó gba ipò kìíní, mo sì jẹ́ kó dùn.

Ọjọ́ Ìsinmi, 28 Oṣù Kẹta

Télọ̀ ti rán kóòtù mi tán. Dúdú, ó fi aṣọ tẹ́ inú rẹ̀. Mo fi í kọ́ sórí ìṣó lára ògiri ṣọ́ọ̀bù kí n lè máa rí i.

Fúnmilọ́lá bá mi jẹun láti inú àwo kan náà. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́ látìgbà tá a ti sin ìyá rẹ̀. Mo sunkún sínú ọbẹ̀, èmi àgbà káfíńtà. Ó ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Mo ti bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Igi apá gidi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6 Oṣù Kẹrin

Orí mi! Ìdána! 17 oṣù yìí ni, ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá ìyàwó ló ń kọ́kọ́ tọ́ Alábàágbé tí àwọn àna bá gbé wá wò. Bí kò bá fẹnu kàn án, kò gba ìdána nìyẹn. Àwa àgbà méjì jókòó, a yan ọjọ́, a kọ ọ́ sílẹ̀, kò sí ẹni tó rántí.

Fúnmilọ́lá ní kí n fọkàn balẹ̀. Láńrewájú yóò jókòó tì mí, òun ni yóò tọ́ ọ wò dípò mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 17 Oṣù Kẹrin

Kí n kọ ọ́ kí n tó gbàgbé bó ṣe rí.

Gbogbo rẹ̀ ń lọ geere. Obì, oyin, iṣu. Nígbà tó kan Alábàágbé, àgbà tí àwọn àna mú wá láti Ìmẹ̀sí-Ilé, Bàbá Ọlọ́runyọmí, bu ú sínú ife, ó nà án sí mi. Láńrewájú nawọ́ gbà á. Bàbá náà kò fi ife sílẹ̀. Ó ní, "Ẹni tó bí ọmọ ò kú, ẹ ń fi ẹlòmíràn dípò rẹ̀? Ulé bàbá ọmọ la wá, kì í ṣe ulé àbúrò." Láńrewájú ní ara mi kò yá. Bàbá ní kò burú, àwọn á kó ẹrù àwọn padà, bí ara mi bá yá kí n ránṣẹ́. Obìnrin kan lára wọn ti ń ká òṣùká.

Mo wo Tíṣà. Tíṣà ń wo bàtà rẹ̀. Mo fẹ́ sọ ọ́ síta pé ọ̀mùtí ni mí. Ó dé ètè mi. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbọ́ ìyẹn lójú àwùjọ tí yóò ṣì fẹ́ ọmọ mi? Mo gbé e mì.

Fúnmilọ́lá dìde tòun ti aṣọ ìborí. Ó gba ife lọ́wọ́ bàbá náà, ó kúnlẹ̀, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Ó rọra wí i, èmi nìkan ló gbọ́: "Ẹ mu ún, Bàbá. Ẹ gbà mí."

Mo mu ún. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Ó dùn. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, ó dùn.

Ọjọ́ Ìsinmi, 18 Oṣù Kẹrin

Tíṣà ní ife kan kì í ṣe ìṣubú, kí n bẹ̀rẹ̀ láti àárọ̀ yìí. Ó ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ilé tèmi kọ́ ni ti ọba.

Alábàágbé tí wọ́n bá gbé wá sí ìdána kì í padà sílé ọkọ. Àwọn ìgò tó kù wà lábẹ́ fèrèsé. Láńrewájú fẹ́ fi lọ́rì kó wọn lọ. Mo ní kó fi wọ́n sílẹ̀, kí ará àdúgbò má baà sọ pé a kọ ẹ̀bùn àna. Òótọ́ ni mo sọ. Tìtorí ìyẹn kọ́ ni mo ṣe sọ ọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 20 Oṣù Kẹrin

Mo ṣí ọ̀kan. Kí n kàn gbóòórùn rẹ̀ ni.

Ọjọ́bọ̀, 22 Oṣù Kẹrin

Ó ku ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì kan. Mo gé e. Ó kúrú.

Ọjọ́ Ẹtì, 23 Oṣù Kẹrin

Fúnmilọ́lá wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ó bá mi nílẹ̀ nínú ìyẹ̀ pákó, bẹ́ẹ̀dì fì sí ẹ̀gbẹ́ kan lẹ́yìn mi. Kò pariwo. Ó jókòó tì mí pẹ̀lú aṣọ tó mọ́ lára rẹ̀. Ó ní, "Èmi ni mo gbé e fún yín." Ó ń sunkún.

Mo ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo ní ife kan ni tìrẹ, ìyókù, èmi ni mo fọwọ́ ara mi bù ú. Ìyẹn nìkan ni ọ̀rọ̀ gidi tí mo sọ lọ́sẹ̀ yìí. Ó bi mí pé, ọ̀la ńkọ́? Mo wo ọwọ́ mi. Mo ní kó mú kóòtù lọ fún Láńrewájú.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 24 Oṣù Kẹrin

Aago ṣọ́ọ̀ṣì ti ń lù. Láńrewájú yà kí mi kó tó lọ. Kóòtù náà bá a mu rẹ́gí.