Ìyá Oníbúrẹ́dì Tí Wọ́n Wọn Yàrá, Tí Wọ́n Gbàgbé Ẹnu Ọ̀nà

Ẹ̀yin ẹbí, ẹ̀yin ọ̀rẹ́, àti ẹ̀yin oníbàárà tí ẹ jẹ búrẹ́dì ìyá wa dàgbà, àwa ọmọ kí yín kú ìrìn, a sì bẹ̀ yín kí ẹ má fajú ro. Ẹni tó lo ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin, tó ta búrẹ́dì fún ìyá, tó tà á fún ọmọ, tó tún tà á fún ọmọ ọmọ, ó yẹ kí a fi ẹ̀rín sin ín. Ọjọ́ kejìlá oṣù kẹta ọdún 1946 ni wọ́n bí màmá, ọmọ kẹta nínú ọmọ méje. Bàbá wọn ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, ìyá wọn ń ṣe ọṣẹ tà. Lọ́dọ̀ bàbá ni wọ́n ti jogún ọwọ́ tí kì í sinmi, lọ́dọ̀ ìyá ni wọ́n ti jogún ẹnu.

Ọdún 1953 ni wọ́n wọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì parí ní 1959. Wọ́n mọ ìṣirò bí ẹní mowó. Olùkọ́ wọn kan a máa sọ pé kò sí ohun tí ọmọ yìí kò lè wọ̀n. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ olùkọ́ yìí sọ́kàn, a máa padà síbẹ̀. Ní 1968, wọ́n ṣe ìgbéyàwó pẹ̀lú bàbá wa, káfíńtà tí kò lè rí tábìlì kan kí wọ́n má fọwọ́ tì í wò bóyá ó ń mì.

Ọdún 1970 ni màmá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ búrẹ́dì nínú ààrò amọ̀ kékeré kan lẹ́yìnkùlé. Ogún búrẹ́dì péré ló ń gbà. Kí aago méje àárọ̀ tó lù, ó ti tán, àwọn oníbàárà á sì máa kùn padà sílé. Màmá ní ọjà tí kò tà ń bani nínú jẹ́, ṣùgbọ́n ọjà tó ń tà tí kò tó, òun gan-an ló ń gba oorun lójú ẹni.

Ní 1974, wọ́n wọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àdúgbò. Ẹgbẹ́ yìí kì í béèrè ilé tàbí ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ yáwó. Èèyàn ni wọ́n ń béèrè. Ọmọ ẹgbẹ́ márùn-ún ló gbọ́dọ̀ ṣe onídùúró fún ọ, bí o bá sì kùnà, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó tún lè yáwó títí gbèsè náà yóò fi tán. Ní 1979, màmá béèrè owó ààrò onírin ńlá tó lè yan igba búrẹ́dì lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó kọ́kọ́ dìde fún wọn ni ọ̀rẹ́ wọn, Màmá Télọ̀, tí àwọn náà ń dúró kí ó kàn wọ́n láti yáwó ra ẹ̀rọ ìránṣọ tuntun.

Bàbá fẹ́ bá màmá wọn yàrá tí ààrò yóò wà. Màmá kọ̀ jálẹ̀, wọ́n ní iṣẹ́ búrẹ́dì ni, kì í ṣe iṣẹ́ pákó. Wọ́n gba tépù lọ́wọ́ bàbá, wọ́n wọn gígùn yàrá, wọ́n wọn ìbú, wọ́n wọn gíga, lẹ́ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹnu ọ̀nà nìkan ni wọn kò wọ̀n. Ẹni tó ń gba ibì kan kọjá lójoojúmọ́ kì í rántí pé ibẹ̀ náà ní ìwọ̀n. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù keje, ọkọ̀ akẹ́rù já ààrò sílẹ̀ níwájú ilé. Ọkùnrin mẹ́jọ gbé e dé ẹnu ọ̀nà, ó há. Wọ́n yí i, ó há. Wọ́n dà á ní ìdubúlẹ̀, ó tún há. Bàbá wo ààrò, wọ́n wo ẹnu ọ̀nà, wọ́n wo ìyàwó wọn. Màmá ní ìwò yẹn dun àwọn ju èébú lọ.

Àkókò òjò ni. Ọjọ́ mẹ́ta ni ààrò fi jókòó síta lábẹ́ ọ̀rá, wọ́n sì ti wó ti amọ̀, kò sí búrẹ́dì kankan mọ́. Yẹ̀yẹ́ àwọn ará àdúgbò kọ́ ló ń jẹ màmá lọ́kàn. Ẹ̀rọ Màmá Télọ̀ ni wọ́n ń rò, pé àṣìṣe àwọn ni yóò gbà á lọ́wọ́ ẹni tó dúró fún àwọn. Wọ́n sunkún, kì í ṣe kékeré.

Ní ọjọ́ kẹrin, Màmá Télọ̀ kó gbogbo ẹgbẹ́ dé pẹ̀lú òòlù àti bíríkìlà. Wọ́n ní bí ilẹ̀kùn kò bá gbà wá, ògiri á gbà wá. Bàbá onílé tí a háyà ilé lọ́wọ́ wọn sáré yọ, wọ́n ní ẹni tó bá fọwọ́ kan ògiri àwọn, kó ti wá ibi tí yóò sùn. Màmá Télọ̀ fi pẹ̀lẹ́ dá wọn lóhùn: “Bàbá, fèrèsé ńlá la máa fi dí i. Tí èèyàn bá ń rí búrẹ́dì gbígbóná láti títì, ta ni yóò kọjá ilé yín láì yà?” Bàbá onílé ronú, wọ́n ní àwọn gbà, bí àwọn yóò bá máa jẹ búrẹ́dì kan lọ́fẹ̀ẹ́ láràárọ̀ títí ọjọ́ ikú. Màmá gbà kíákíá, nítorí bàbá náà ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ọdún mọ́kàndínlógún gbáko ni wọ́n tún fi jẹ ẹ́, wọn kò pa ọjọ́ kan jẹ.

Ògiri wó, ààrò wọlé, gbogbo àdúgbò pariwo ayọ̀. Láti ìgbà tí fèrèsé ti wà níbẹ̀, igba búrẹ́dì ń tán kí oòrùn tó ga. Màmá san gbèsè tán ní oṣù méjì ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n dá. Ní 1980, Màmá Télọ̀ ra ẹ̀rọ wọn, aṣọ àkọ́kọ́ tí wọ́n sì fi rán ni épúrọ́ọ̀nù funfun fún màmá. Ó wà nílé di òní. Nígbà tó fi di 1988, ṣọ́ọ̀bù ti di mẹ́ta, òṣìṣẹ́ ti di mẹ́tàlélógún.

Láti 1991 dé 2006, màmá jẹ́ alága ẹgbẹ́, wọ́n sì ṣe onídùúró fún èèyàn mọ́kànlélógójì. Nígbà tí ọjà onídìrí kan fẹ́ rì, wọ́n lọ ń jókòó sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ títí ó fi tún léfòó. Ẹnikẹ́ni tó bá gbé èrò ńlá wá, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi í: ṣé o ti wọn ẹnu ọ̀nà? Wọ́n fẹ́ràn Ọlọ́run tọkàntọkàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yìn ni wọ́n máa ń jókòó nínú ṣọ́ọ̀ṣì, torí wọ́n ní ìyẹ̀fun tó ń wú kì í dúró de ìwàásù.

Bàbá ti ṣíwájú ní 2011. Màmá tẹ̀lé wọn ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹwàá ọdún 2023. Wọ́n fi ọmọ mẹ́rin sílẹ̀: àkọ́bí tó ń bójú tó ààrò, nọ́ọ̀sì, olùkọ́, àti àbígbẹ̀yìn tó di káfíńtà, pẹ̀lú ọmọ ọmọ mọ́kànlá, àrọ́mọdọ́mọ mẹ́ta, àti Màmá Télọ̀, tó ju ọmọ ìyá lọ.

Nígbà tí àbígbẹ̀yìn fẹ́ kan pósí, Màmá Télọ̀ fa tépù yọ nínú àpò wọn. Wọ́n lọ tààrà sí ẹnu ọ̀nà yàrá ọ̀rẹ́ wọn, wọ́n wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta. Ibẹ̀ la ti rẹ́rìn-ín, ibẹ̀ náà la ti sunkún.

Màmá, a ti wọn ẹnu ọ̀nà. Ó gbà yín dáadáa. Ẹ sùn re o.