Ìbọn Ìyá Àgbà Opal Kò Lè Sọdá Odò

Laney ọmọ mi,

Ṣé o jí dáadáa? Báwo ni iṣẹ́ búrẹ́dì, báwo ni òtútù adágún yín tí o ní ó ń gé ni létí bí abẹ? Ọlọ́run tó fi ọ́ jíǹkí mi nígbà tí èmi fúnra mi ṣì ń gbé àpò ìwé kiri, òun ni yóò máa ṣọ́ àtijáde rẹ àti àtiwọlé rẹ. Gbogbo wa nílé wà dáadáa. Bàbá rẹ ti kó àgbàdo tán, ajá ti bímọ sábẹ́ ọkọ̀, àwọn ọmọ náà sì dà bí ajá àwọn Lasater aládùúgbò wa, ṣùgbọ́n a ò tíì sọ fún wọn. Wren àbúrò rẹ ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí nǹkan báyìí, fíríìjì ni, àpótí ni, bàtà bàbá rẹ ni, kò sí ohun tó ní ìdè tí kò ní tú.

Àmì búlúù róbótó tí o fi sínú fóònù mi kí n lè máa rí ibi tí o wà, mo ń lò ó dáadáa. Ẹ̀gbẹ́ àdìrò ni mo máa ń gbé e sí, tí mo bá ń dáná, màá máa wo bí o ṣe ń rìn. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àmì náà wọ inú adágún lọ, ó sì dúró síbẹ̀. Mo pariwo, bàbá rẹ sáré wọlé pẹ̀lú ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀, ó ní kí ló ṣẹlẹ̀, mo ní Laney ti rì. Ó gba fóònù, ó wò ó, ó ní fóònù ló ṣìnà, kì í ṣe ọmọ. Mo ní tí fóònù bá ṣìnà, ta ló máa fi ọ̀nà hàn án? Ló bá padà sídìí màlúù. Mo rọra fi aṣọ nu ojú fóònù náà, kò sì pẹ́ tí o jáde nínú omi. Jọ̀wọ́, má rìn létí omi mọ́, n kì í fìgbà gbogbo wà nítòsí láti nù ún.

Ọ̀rọ̀ tó mú mi gbé bírò nìyí. Láti ìgbà tí o ti sọ fún mi nípa ọkùnrin tó ń bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin lẹ́yìn rẹ, tí o bá rìn yóò rìn, tí o bá dúró yóò dúró, títí dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ, oúnjẹ kò lọ lọ́fun mi mọ́. O ní àwọn ọlọ́pàá kọ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé, wọ́n ní ọkùnrin náà kò tíì ṣe nǹkan kan. O wá ní kí n bá ọ mú ìbọn ìléwọ́ Ìyá Àgbà Opal bọ̀ nígbà Àjọ̀dún Ìdúpẹ́, èyí tó fi ń lé ejò nílé adìẹ, mo sì ní bẹ́ẹ̀ ni lórí fóònù kí n tó ronú. Ìwọ náà mọ̀ mí, ẹnu mi máa ń ṣáájú. Nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara mi pé, ọmọ mi tó jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, kí ni òfin sọ?

Mo wọ ọkọ̀, mo gba ọ́fíìsì ọ̀gá ọlọ́pàá àgbègbè wa lọ. Ìyáàfin Pruitt ló wà ní ìdí tábìlì. Mo ní mo wá gba ìwé àṣẹ gbígbé ìbọn pamọ́ sára. Ó ní ọmọ Opal, ṣé o ò gbọ́ ni, ó ti pẹ́ tí àwọn aṣòfin wa ti ní kò pọn dandan, ẹnikẹ́ni tí òfin kò bá dè, tó sì ti tó ọjọ́ orí, lè fi ìbọn sábẹ́ aṣọ kó máa lọ. Ó yà mí lẹ́nu. Mo ní kí lẹ wá ń ṣe ìwé náà fún nígbà náà? Ó ní àwọn tó ń rìnrìn àjò ló ń gbà á, torí àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn máa ń bọ̀wọ̀ fún un. Inú mi dùn, mo ní ohun tí mo ń wá gan-an nìyẹn. Ó ní ó dáa, lọ kẹ́kọ̀ọ́ ná.

Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó ní gbọ̀ngàn àwọn panápaná lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, tí Ọ̀gbẹ́ni Hollis Tackett ń kọ́ wa, tí ìyàwó rẹ̀ ń pín páì. Laney, ó wù mí ju bí mo ṣe rò lọ. Mo bi wọ́n ní ìbéèrè títí ojú fi ń ti àwọn tí a jọ jókòó. Mo ní, Ọ̀gbẹ́ni Hollis, ṣé òótọ́ ni pé tí mo bá wà níbi tí mo lẹ́tọ̀ọ́ láti wà, tí ẹnìkan sì fẹ́ pa mí, òfin wa kò ní kí n sá? Ó ní òótọ́ ni. Mo ní tí ó bá wá wù mí láti sá ńkọ́, ṣé kò ní ba ẹjọ́ mi jẹ́? Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Dub Lasater ní Tressa, bí o ṣe máa ń sá fún pẹ́pẹ́yẹ ilé wa yẹn, kóòtù wo ló máa bá ọ jà? Ṣùgbọ́n Ọ̀gbẹ́ni Hollis kò rẹ́rìn-ín. Ó ní sá, jọ̀wọ́, òfin ò de ẹsẹ̀ rẹ, inú mi á dùn tí gbogbo yín bá sá délé.

Mo tún ní báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ọkùnrin kan fẹ́ pa mí, bóyá ọ̀nà ló fẹ́ béèrè? Ó ní kóòtù máa wo ohun tí ènìyàn olóye kan yóò gbà gbọ́ tó bá wà nípò mi. Mo ní ta ni ènìyàn náà, ṣé àgbègbè yìí ló ń gbé, torí mo fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ ṣáájú. Dub tún bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín rẹ̀. N kò mọ ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín. Tí ẹnìkan bá máa ṣèdájọ́ ọ̀rọ̀ mi, ṣé kò yẹ kí n mọ̀ ọ́n?

Lẹ́yìn náà a lọ yìnbọn. Páálí ni wọ́n ya ènìyàn sí. Etí ni mo bà, mo sì ti ní ẹ pẹ̀lẹ́ kí n tó mọ̀. Mo ti rò pé màá rí ojú ọkùnrin tó ń tẹ̀lé ọ lórí páálí yẹn, kí ọwọ́ mi lè le, ṣùgbọ́n páálí lásán ni mo rí. Síbẹ̀ mo yege.

Mo wá gba fọ́ọ̀mù. Níbi tí mo kọ orúkọ mi sí, mo kọ tìrẹ sábẹ́ rẹ̀, mo kọ ti Wren sábẹ́ tìrẹ nítorí ọjọ́ iwájú. Ìwọ náà sọ fún mi, kí ni mo ṣe tí kò dáa? Ìgbà tí o pa àgbọ̀nrín rẹ àkọ́kọ́ ní oko wa, ta ló gba ìwé ìṣọdẹ fún ọ? Ẹnikẹ́ni kò gbà á, torí ilẹ̀ wa ni, ilẹ̀ náà sì kan gbogbo ará ilé. Fóònù tí gbogbo wa ń lò, orúkọ bàbá rẹ nìkan ló wà lórí rẹ̀. Mo rò pé ìwé ìbọn náà á rí bẹ́ẹ̀, pé tí ìyá bá ti gbà á, ó ti bo ọmọ.

Ìyáàfin Pruitt rẹ́rìn-ín títí kọfí fi gba imú rẹ̀ jáde. Ó ní ọmọ Opal, ṣé o fẹ́ kí ọmọ ọwọ́ máa gbé ìbọn ni? Mo ní rárá o, ti Wren ṣì máa dúró, ti Laney ní Chicago ló jẹ mí lógún. Ẹ̀rín náà dúró lẹ́nu rẹ̀. Ó ní kí n jókòó. Ó ní ìwé tiwa kò níyì rárá fún ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lójú pópó ní òdìkejì odò tó pààlà ìpínlẹ̀ wa àti tiyín, àti pé ìwé tiwọn, wọn kì í fún ẹni tí kò tíì pé ọdún mọ́kànlélógún. Ó ní tí ọlọ́pàá bá bá ìbọn yẹn nínú àpò Laney, Laney ni wọ́n máa mú. Mo ní ọkùnrin tó ń tẹ̀lé e ńkọ́? Ó ní ọkùnrin yẹn á máa lọ sílé rẹ̀.

Mo ro gbólóhùn yẹn títí mo fi wakọ̀ kọjá ọ̀nà ilé wa. Nígbà tí mo sọ fún bàbá rẹ, inú bí i, ó ní odò ni, omi lásán ni, báwo ni ohun tó jẹ́ ẹ̀tọ́ létí ìhín ṣe máa di ẹ̀ṣẹ̀ létí ọ̀hún? Mo ní èmi náà ń béèrè. Mo bi pásítọ̀. Ó ní àwọn aṣòfin wa gan-an ò tíì gbà lórí bóyá ìbọn lè wọ ṣọ́ọ̀ṣì láìgba àṣẹ lọ́wọ́ òun, kí n má bi òun ní ti Chicago.

Màá sọ òótọ́ fún ọ. Pẹ̀lú gbogbo rẹ̀, mo ṣì fẹ́ mú un bọ̀. Mo ti ro ó pé màá tì í sísàlẹ̀ àpò tí mo fi ń gbé àwo ọ̀dùnkún, torí ta ló máa tú oúnjẹ Àjọ̀dún Ìdúpẹ́ wò? Mo gba àṣẹ pásítọ̀, mo gbé ìbọn náà sínú àpamọ́wọ́ mi lọ sí oúnjẹ àjùmọ̀jẹ ṣọ́ọ̀ṣì, láti fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé e tí kò fi ní hàn lójú ẹni. Kò hàn lójú mi lóòótọ́. Mo ń bu ẹ̀wà fún ìyá Dub nígbà tí mo wẹ̀yìn, mo rí Wren nílẹ̀, ó ti tú síìpù àpò mi, ó ti ki apá bọ̀ ọ́ dé ìgbọ̀nwọ́. Laney, ibẹ̀ ni ìbọn wà. Ó fa ọwọ́ jáde, bisikíìtì ló wà nínú rẹ̀, ó sì nà án sí mi pé kí n jẹ.

Mo jẹ ẹ́. Lẹ́yìn náà mo gbé ìbọn Ìyá Àgbà lọ fún Ọ̀gbẹ́ni Hollis, ó tì í mọ́ inú àpótí irin rẹ̀. Ibẹ̀ ló wà. Má bínú sí mi, ọmọ mi. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà ọ́, mo sì mọ̀ pé mo ṣèlérí.

Ìdí nìyẹn tí n kò fi ní dúró de Àjọ̀dún Ìdúpẹ́ mọ́. Èmi àti Wren ń wọ bọ́ọ̀sì bọ̀ lọ́jọ́ Ajé, a ó sì dúró títí tí o fi máa rí ilé mìíràn. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ tí o bá ti ibi iṣẹ́ bọ̀, ní ibùdókọ̀ ojú irin, wo ibi tí iná ti mọ́lẹ̀ jù, wàá rí obìnrin tó dé fìlà pupa ọdẹ bàbá rẹ, tó gbé ọmọ sẹ́yìn. Màá kí ọkùnrin náà. Màá bi í ní orúkọ rẹ̀, orúkọ ìyá rẹ̀, ibi iṣẹ́ rẹ̀, ìdí tó fi ń rìn lẹ́yìn ọmọ mi, màá sì bi í sókè kí gbogbo ibùdókọ̀ lè gbọ́. Bàbá rẹ ní ọkùnrin yẹn ló ń ṣe òun láàánú báyìí. Kí n tó dé, bẹ obìnrin tí ẹ jọ ń po ìyẹ̀fun kó máa sìn ọ́ délé, kí o sì ra fèrè tí réfirì máa ń fọn, kí o gbé e kọ́ ọrùn.

Owó ọkọ̀ wà lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n tí ohun kékeré bá wà lọ́wọ́ rẹ, bá mi fi díẹ̀ sí i fún oúnjẹ Wren lọ́nà. Má fi gba inú fóònù wá o. Èyí tí o fi ránṣẹ́ lóṣù tó kọjá ṣì wà nínú rẹ̀, n kò tíì mọ ibi tó ń gbà jáde.

Kí Ọlọ́run fi ìmọ́lẹ̀ sí iwájú ẹsẹ̀ rẹ, kó sì jẹ́ kí ilẹ̀kùn rẹ máa tètè ṣí. Mo ti béèrè létí odò ìhín àti tọ̀hún, Laney, mo bi ọ́fíìsì, mo bi olùkọ́, mo bi pásítọ̀. Ẹnikẹ́ni kò rí òfin kankan tó ní kí ènìyàn gba ìwé àṣẹ kó tó mú ìyá rẹ̀ dání.

Èmi ni ìyá rẹ,
Tressa