Téèpù Aránṣọ Kò Kàn Mí

                                        Yàrá Ẹ̀yìn, Àjà Kejì,
                                        Òpópónà Oníbúrẹ́dì.
                                        Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹta.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, ọmọ ìyá mi,

Ọmọ ọmọ mi obìnrin, èyí àgbà, ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Mo ti kìlọ̀ fún un pé bí mo bá ṣe sọ ọ́ ni kó kọ ọ́, kódà níbi tí mo bá ti bá òun gan-an wí.

Ṣé dáadáa lo wà? Orúnkún rẹ ńkọ́? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ikọ́ náà ti fi í lọ́rùn sílẹ̀? Ara tèmi le. Inú mi ni kò dùn, mi ò sì ní fi bò fún ọ.

O mọ̀ pé ilé ni àwọn ọmọ yìí ti ń kàwé. Ìyá wọn ló ń kọ́ wọn lórí tábìlì ìjẹun. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ mi pe gbogbo wa jókòó, ó ní òun fẹ́ kí wọ́n kọ́ èdè Sípáníìṣì, kí oníkálukú sọ ọ̀nà tó dára jù. Ìyàwó rẹ̀ ní kí wọ́n fi fóònù kọ́ ọ. Fóònù ń pariwo, ó ń fún wọn ní ìràwọ̀. Èyí àbúrò kó ìràwọ̀ rẹpẹtẹ, kò sì lè kí èèyàn. A tún wá olùkọ́ kan tó ń sọ̀rọ̀ látinú kọ̀ǹpútà. Ojú ọkùnrin náà á kàn dúró gbagidi, ẹnu á là sílẹ̀, àwọn ọmọ á bú sẹ́rìn-ín.

Èmi ni mo sọ pé èdè kì í gbé inú ẹ̀rọ, ẹnu èèyàn ló ń gbé. Aránṣọ tó wà nísàlẹ̀ wa ńkọ́, tó jẹ́ pé èdè ìyá rẹ̀ nìyẹn? Kí wọ́n máa lọ bá a to bọ́tìnnì, kó má sọ èdè mìíràn sí wọn. Ọmọ mi dì mọ́ mi: "Màámi, ẹ̀yin lẹ gbọ́n jù nínú ilé yìí!" Inú mi dùn bí òmùgọ̀. Ojoojúmọ́ ni mo ń sìn wọ́n lọ. Kò pé oṣù mẹ́fà tí wọ́n fi ń fi èdè náà bú ara wọn. Ọmọdé tó bá ti lè fi èdè búni, ó ti gbọ́ ọ.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, aránṣọ gòkè wá pẹ̀lú téèpù, ó ní òun wá wọ̀n wá fún kóòtù òtútù. Ó wọn ìyàwó ọmọ mi, ó wọn ọmọ méjèèjì. Ọmọ mi wà níbi iṣẹ́, ó fi ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wọn tirẹ̀. Mo dìde, mo na apá mi. Kò wọ̀n mí. Ẹni tí kò sí nílé rí téèpù, èmi tí mo dúró kò rí i. Obìnrin náà, tó gbọ́ èdè wa díẹ̀díẹ̀, ní, "Ìyá àgbà, wọn ò tíì sọ fún yín?"

Ọmọ mi ti ríṣẹ́ wáyà iná sí ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ èdè yẹn. Oṣù karùn-ún ni wọ́n ń lọ, àwọn mẹ́rin. Láti ọjọ́ tí a ti ń yan ọ̀nà ni gbogbo wọn ti mọ̀. Ẹni tó ń kọ lẹ́tà yìí mọ̀. Àwọn òbí wọn ní kí wọ́n má sọ, kí ẹ̀jẹ̀ mi má baà ru. Ẹ̀jẹ̀ tí kò ru nígbà tí mo ń fi aṣọ fífọ̀ tọ́ baba wọn! Bí wọ́n bá sọ fún mi, ǹ bá ní kí wọ́n lọ ire. Èmi ni wọ́n ní kí n yan ọ̀nà tí wọn óò gbà fi mí sílẹ̀, mo sì yàn án dáadáa. Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani.

Akọ̀wé mi ti ń sunkún báyìí. Mo ní kó yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí omi má ba ìwé jẹ́.

Ìyàwó ọmọ mi ní ọ̀dọ̀ rẹ ni wọn óò gbé mi wá. Ṣé wọ́n bi ọ́? Bí wọ́n bá bi ọ́, tí o sì dákẹ́ sí mi, fèsì kí n lè kà ọ́ mọ́ wọn. Bí wọn ò bá bi ọ́, èmi ni mo ń bi ọ́ yìí. Èmi kì í ṣe ẹrù.

Bá mi kí ọkọ rẹ àti gbogbo ilé.

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ ni, tí kì í bo nǹkan fún ọ,

Ìyá Àgbà (mo tẹ̀ka)

Ẹni tó kàn láti gbọ́ ni aránṣọ. Kí ọmọ yìí sọ fún un lédè rẹ̀ pé mi ò bá a bínú. Lẹ́yìn rẹ̀, baba ọmọ yìí. Tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, kí akọ̀wé mi ka lẹ́tà yìí sí i létí kí a tó lẹ àpòòwé. Èmi yóò jókòó tì wọ́n. Kó má fo ibi tí mo ti na apá mi.