Ọrún Mẹ́ta Kì í Ṣe Ọjọ́ Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún

                                                  Agbolé Sàláúdéènì,
                                                  Ẹ̀yìn Mọ́sálásí,
                                                  Igbó-Ọrà,
                                                  Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.
                                                  Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kẹfà, ọdún 2025.

Ọmọ́tárá, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ẹ kú ọdún Iléyá tó kọjá o. Ọlọ́run á jẹ́ ká ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé. Bàbá Mùbárákì ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ikọ́ tó ń da èyí àbúrò láàmú nígbà ọdún, ṣé ó ti fi í sílẹ̀ pátápátá? Ẹ fi oyin àti ọsàn wẹ́wẹ́ fún un, kí ẹ má fi omi tútù ṣeré pẹ̀lú rẹ̀. Ìwọ alára ńkọ́, ṣé ara le? Àwa náà wà, a dúpẹ́. Ìyá mi ní kí n bi ọ́ bóyá ẹnì kan ti di ọ̀nà Igbó-Ọrà mọ́ ọ lójú. Wọ́n ní ọbẹ̀ ilasa tó o máa ń pọ́n ìkòkò rẹ̀ lá nígbà tí a wà nílé ìwé kò tíì tán láyé.

Mo rí ohun tó o kọ sórí Wasáàpù. Mo yọ̀ débi pé mo pariwo, àwọn ará ilé rò pé ejò ni mo rí. Ọmọ́tárá di olórí òṣìṣẹ́ mẹ́fà! O kú oríire, oyè á mọ́rí o. Àmọ́ nígbà tí mo ka apá kejì ọ̀rọ̀ rẹ, mo ní, ‘Hẹ́n, ọ̀lẹ ti dé.’ O ní kí n fi ìwé ètò tí a fi ṣe iṣẹ́ igi ẹ̀gẹ́ ránṣẹ́ sí ọ, kí o kàn yí orúkọ padà, kí o lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Bí o ti ń ṣe l'Érúwà náà nìyẹn, ìwọ tí ọrùn rẹ máa ń gùn bọ̀ sórí ìwé mi lọ́jọ́ ìdánwò.

Mo fẹ́ fi ránṣẹ́ lóòótọ́. Ọwọ́ mi ti dé orí fóònù kí ojú tó tì mí. Ìwé ètò yẹn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ lé bàbá àgbàlagbà kan kúrò lẹ́nu iṣẹ́, tí bàbá náà kò sì ṣẹ̀. Èmi ni mo kọ ọ́. Irú ọ̀rọ̀ báyìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí fóònù, ni mo ṣe wá bébà. Abíọ́nà, awakọ̀ lọ́rì wa, ń bọ̀ ní Abẹ́òkúta lọ́túnla, ìyẹn Jímọ́ọ̀, ogúnjọ́ oṣù yìí, òun ni yóò fi lẹ́tà yìí lé ọ lọ́wọ́. Má fi mí rẹ́rìn-ín pé mo ń pe ọjọ́ kan ní orúkọ mẹ́ta. Wàá mọ ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Ṣé o rántí iṣẹ́ tí a ń ṣe? A ní oko kan lẹ́yìn Ayétẹ̀, níbi tí a ti ń gbin irú ẹ̀gẹ́ tuntun tí kòkòrò kì í tètè bà jẹ́. Igi rẹ̀ la máa ń gé fún àwọn àgbẹ̀ láti gbìn. Lọ́dún yìí, ogójì àgbẹ̀ ní Tápà ló forúkọ sílẹ̀. A ní katakata yóò kọ́kọ́ tú ilẹ̀ wọn, àwa yóò gé igi kúkúrú-kúkúrú, kò ní ju gígùn àtẹ́lẹsẹ̀ lọ, lọ́rì yóò kó o, gbogbo wọn yóò sì gbìn ín lọ́jọ́ kan náà. Oṣù Kẹta ni ọ̀gá wa, Alhaji Mùstàfá tó wà n'Íbàdàn, fi mí ṣe olórí iṣẹ́ náà. Ọmọ́tárá, mo fẹ́ kí ayé rí i pé mo mọ̀ ọ́n ṣe.

Tómilọ́lá, ọmọbìnrin tó ń bá wa tẹ kọ̀ǹpútà, ya ètò náà aláràbarà: àwọ̀ ewé fún katakata, pupa fún lọ́rì, ọjọ́ àti oṣù lábẹ́ ìkọ̀ọ̀kan. Ó dára lójú. Àmọ́ òyìnbó ni gbogbo rẹ̀, Bàbá Àdùnní kì í sì í ka òyìnbó. Bàbá Àdùnní ni olórí àwọn tó ń gé igi l'Áyétẹ̀, Ògúnbíyìí lorúkọ wọn, ọdẹ ni wọ́n, bí ogún ọdún ni wọ́n ti wà lóko yẹn, kí n tó mọ̀ pé igi ni wọ́n ń gbìn tó ń di ẹ̀gẹ́. Mo ní kò burú, èmi fúnra mi yóò kọ ti Bàbá ní Yorùbá, mo sì máa kọ ọ́ lọ́nà tí àgbà ń gbà sọ̀rọ̀. Wàhálà mi bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Lọ́rì yóò dé lọ́jọ́ Túsìdé, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹrin. Ọjọ́ Mọ́ńdè, ọjọ́ kẹrìnlá, ni katakata parí iṣẹ́, ọjọ́ náà sì bọ́ sí ọjọ́ ọjà Tápà, ọjà ọrọọrún. Mo ka ọjọ́ tó kù: mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo rò ó lọ́kàn mi pé ọrún kan, ọjọ́ márùn-ún, márùn-ún lọ́nà mẹ́ta, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ni èmi ọ̀mọ̀wé bá kọ ọ́ gàdàgbà pé: ‘Ọrún mẹ́ta sí ọjà òní ni kí igi ti wà ní gígé létí títì, lọ́rì yóò wá kó o láàárọ̀.’ Mo gbé e lọ s'Áyétẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Àdùnní kà á fún bàbá rẹ̀. Mo bi wọ́n pé, ‘Bàbá, ṣé ó yé yín?’ Wọ́n ní, ‘Ó yé mi, ọmọ mi.’ Mo gun ọ̀kadà padà sílé, orí mi wú.

O ti rí i, àbí o kò tíì rí i? Èmi ò rí i.

Nígbà tó di ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, Bàbá àti àwọn ènìyàn wọn gé ẹgbẹ̀ta ìdì igi, wọ́n tò ó sétí títì láti ìdájí. Lọ́rì kò dé. Oòrùn oṣù Kẹrin, ìwọ náà mọ̀ ọ́n, òjò kò sì tíì múlẹ̀. Fóònù kì í wọlé lóko yẹn. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè wọ́n rán ọlọ́kadà sí ọ́fíìsì, ó bá a ní títì pa. Wọ́n wá imọ̀ ọ̀pẹ fi bo èyí tí wọ́n lè bò. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè ọlọ́kadà tún dé, ó ní Bàbá ní àwọn ń retí wa. Èmi ni mo dá a lóhùn, mo ń rẹ́rìn-ín: ‘Sọ fún wọn pé à ń bọ̀.’ Mo rò pé ti Túsìdé ọ̀la ni wọ́n ń wí! Mo tiẹ̀ yìn wọ́n fún Tómilọ́lá pé, ‘Wo bí àgbà ṣe ń múra sílẹ̀.’

Lọ́jọ́ Túsìdé, Alhaji bá wa lọ láti fojú rí iṣẹ́. A dé etí títì. Alhaji mú igi kan, wọ́n fi èékánná ha èèpo rẹ̀. Bí igi ẹ̀gẹ́ bá ṣì wà láàyè, oje funfun yóò yọ. Kò sí nǹkan kan. Wọ́n mú òmíràn, wọ́n mú ìkẹwàá. Èyí tó wà lábẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ nìkan ló ṣì ní oje, kò sì tó ìdajì. Alhaji yí sí Bàbá, wọ́n ní, ‘Bàbá, ta ló ní kí ẹ gé igi láti ọjọ́ mẹ́rin? Ṣé ẹ ò mọ ọjọ́ kà ni?’ Bàbá wo Alhaji, wọ́n wò mí. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n sọ ni pé, ‘Ìwé yín ni mo tẹ̀ lé.’

Èmi dákẹ́. Ọmọ́tárá, mo dákẹ́ níbẹ̀. Kì í ṣe pé mo mọ̀ pé èmi ni mo jẹ̀bi, mi ò tíì mọ̀ nígbà náà. Àmọ́ mo mọ̀ pé bí Bàbá kò bá jẹ̀bi, ó máa kan ẹlòmíràn, mo sì jẹ́ kó kàn wọ́n. Nínú mọ́tò, Alhaji ní iṣẹ́ Bàbá ti parí, kí èmi olórí kọ ìwé tí a ó fi lé wọn kí ó tó di ọjọ́ Àlàmísì. Mo ní, ‘Ó dáa, sà.’ Mo jókòó lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. Mo kọ ìlà mẹ́rin, n kò lè kọ ìkarùn-ún. Ojú tí Bàbá fi wò mí kò kúrò lójú mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo gba Ayétẹ̀ lọ, mo mú ètò náà dání. Má jẹ́ kí n purọ́ fún ọ, mo lọ kí n lè fi àṣìṣe wọn hàn wọ́n, kí ọkàn mi balẹ̀ láti kọ ìlà tó kù. Bàbá ń pọ́n àdá. Wọ́n ní kí Àdùnní bu omi fún mi. Mo ní, ‘Bàbá, ọrún mẹ́ta, ṣé kì í ṣe ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni?’ Wọn ò bínú. Wọ́n gbé àdá sílẹ̀, wọ́n na ìka: ‘Ọjọ́ ọjà, ọ̀kan. Ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹta, ọjọ́ kẹrin. Ọjọ́ karùn-ún, ọjà ti tún dé. Ìka tó parí ọrún kan náà ló bẹ̀rẹ̀ èyí tó tẹ̀ lé e.’ Mo ṣì ń jiyàn. Wọ́n wá bi mí pé, ‘Ẹ̀yin Mùsùlùmí, ọmọ tí ẹ bí ní Jímọ́ọ̀, ọjọ́ wo lẹ ń sọ ọ́ lórúkọ?’ Mo ní, ‘Jímọ́ọ̀ kejì.’ Wọ́n ní, ‘Ọjọ́ mélòó nìyẹn?’ Ẹnu mi ti ń sọ ‘mẹ́jọ’ kí orí mi tó gbọ́ ọ. Ọjọ́ mẹ́jọ! Kàlẹ́ńdà á sì pè é ní méje. A ti ń kà á bẹ́ẹ̀ nílé wa láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi.

Ọrún mẹ́ta Bàbá, ọjọ́ méjìlá lórí kàlẹ́ńdà ni. Sátidé ni. Wọ́n ṣe ohun tí mo kọ gẹ́lẹ́, wọn ò fi wákàtí kan pẹ́. Mo dọ̀bálẹ̀... rárá, obìnrin kì í dọ̀bálẹ̀, mo kúnlẹ̀ nínú eruku níbẹ̀, mo sì sọ fún wọn pé ìwé tí Alhaji ní kí n kọ láti fi lé wọn wà nínú báàgì mi. Bàbá ní kí n dìde. Wọ́n ní, ‘O ò bi mí pé ọjọ́ wo ni. O bi mí bóyá ó yé mi. Ó yé mi.’

Mo pe Alhaji lórí fóònù kí n tó dé ilé, kí ẹ̀rù má baà yí mi lọ́kàn padà. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Wọ́n ní, ‘Ta wá ni kí n lé báyìí?’ Mo ní, ‘Èmi ni, sà.’ Wọ́n ní àwọn ò ní lé ẹnikẹ́ni, kí Bàbá máa bá iṣẹ́ wọn lọ, ṣùgbọ́n kí n gbé ipò olórí fún Tómilọ́lá títí di oṣù Kẹwàá. Mo sunkún, kí lo rò? Mo sunkún gan-an. Àmọ́ bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran.

Nígbà tí a fẹ́ tún iṣẹ́ náà ṣe, iwájú ilé Bàbá ni Tómilọ́lá kó wa lọ, kò mú ìwé kankan dání. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má bi ẹnikẹ́ni bóyá ó yé e, nítorí kò sí ẹni tó lójú àánú tí kò ní sọ pé ó yé òun. Ńṣe ni kálukú fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí yóò ṣe, ọjọ́ tí yóò ṣe é, àti ẹni tó ń dúró dè. Bí Bàbá bá pe ọjọ́ ọjà, Tómilọ́lá á wá a lórí kàlẹ́ńdà, á pè é padà fún wọn: ‘Bàbá, ọjà yẹn, Àlàmísì ni, àbí?’ A ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ̀ pé Bàbá kì í jẹ́ kí àwọn ènìyàn wọn fi àdá kan igi lọ́jọ́ ọ̀sẹ̀ Ògún, ogún ọdún ni wọ́n ti ń fọgbọ́n yẹ̀ ẹ́ nínú ètò wa! Bàbá sì béèrè ohun kan tí gbogbo àwọ̀ orí kọ̀ǹpútà kò béèrè: ‘Bí lọ́rì kò bá wá ńkọ́?’ A gbà pé kí wọ́n má gé igi wẹ́wẹ́ títí ojú yóò fi rí lọ́rì. Ìyẹn nìkan ì bá ti gba ẹgbẹ̀ta ìdì là.

Bàbá fi igi láti oko tiwọn kún èyí tó ṣẹ́kù. Agbedeméjì oṣù Karùn-ún la gbìn ín. Mo dé Tápà lọ́sẹ̀ tó kọjá, ewé ti yọ lórí ilẹ̀ ogójì àgbẹ̀. Mo dúró wò ó pẹ́.

Nítorí náà, n kò ní ìwé kankan tí mo lè fi ránṣẹ́ tí wàá kàn yí orúkọ rẹ̀ padà. Kó àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jókòó, kí o fetí sílẹ̀, pàápàá sí ẹni tó bá ń tètè sọ pé ó yé òun.

Bá mi kí Bàbá Mùbárákì. Kí Màmá yín, sọ fún wọn pé mo ń bọ̀ wá jẹ láfún. Fún Abíọ́nà lóúnjẹ kó tó padà, kì í béèrè, ebi á sì ti pa á.

Bébà tán lọ́wọ́ mi, èyí tó ti ní nǹkan lára ni mo fi kádìí ọ̀rọ̀. Yí ewé yìí padà. Ìlà mẹ́rin yẹn wà lẹ́yìn rẹ̀: ‘Sí Ọ̀gbẹ́ni Ògúnbíyìí. Nítorí pé ẹ kò mọ ọjọ́ kà...’ Má ya á dànù. Kí o tó lẹ ètò kankan mọ́ ògiri, yọ orúkọ Bàbá kúrò níbẹ̀, fi tìrẹ sí i, kí o sì kà á sókè. Èmi ti fi tèmi kà á.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ, tí kì í ṣe olórí ẹnikẹ́ni títí di oṣù Kẹwàá,

Àmínà Sàláúdéènì.