Èmi Ni Mo Fìdí Ọ̀gágun Janlẹ̀ Nínú Ìbò, Àbúrò Rẹ̀ Ló Ń Jìyà Ẹ̀

Èmi ni mo jẹ́ kí Ọ̀gágun wa pàdánù ìbò, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ kí n tó lọ jìnnà pé kò dùn mí rárá. Admin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Ẹdẹ, tẹ́ ẹ bá dá mi mọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ fi ti Ọlọ́run bò mí láṣìírí... ó ti há mi lọ́fun bí egungun ẹja, mi ò rí i gbé mì, mi ò rí i pọ̀.

Ìyàwó sójà ni mí nígbà kan. Ọmọ Ẹdẹ lèmi àti ọkọ mi. Iṣẹ́ káfíńtà ló kọ́ kó tó wọṣẹ́ ológun, barracks kan lókè Ọya la sì ń gbé pẹ̀lú ọmọ wa méjì. Ọ̀gágun tí mò ń wí yìí, ọmọ Ẹdẹ lòun náà, òun ni ọ̀gá àgbà barracks wa nígbà yẹn. Kò tíì di General, ṣùgbọ́n gbogbo èèyàn ló ń sọ pé ó kù díẹ̀ kí wọ́n gbé e ga. Lọ́jọ́ kan, ọkọ mi ní wọ́n ń rán òun àti àwọn kan níṣẹ́, pé wọn ò gbọdọ̀ sọ ibi tí àwọn ń lọ, pé òun ò ní pẹ́ dé. Kò dé. A retí retí, ojú wa fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́. Ìgbà tó yá ni wọ́n pè mí sí ọ́fíìsì ọ̀gá. Mo kúnlẹ̀ síwájú ẹ̀, ọmọ wà lẹ́yìn mi, kò tiẹ̀ gbójú sókè wò mí dáadáa. Ó ní, "Madam, ọkọ rẹ sá níṣẹ́ ìjọba. Ìyàwó ẹni tó sá ò ní yàrá níbí." Ó tán o. Wọ́n da ẹrù mi síta lójú àwọn obìnrin tá a jọ ń pọnmi.

Mo wálé, mo padà sí agboolé bàbá mi. Ìtìjú náà pọ̀. Mo sọ fáwọn ọmọ mi pé bàbá wọn kọ̀ wọ́n sílẹ̀, ó sá lọ. Mo gbà á gbọ́ bẹ́ẹ̀. Mo ṣépè fún ọkùnrin yẹn lórí ẹní ìkírun mi, ẹ gbọ́ mi? Lórí ẹní ìkírun! Àkọ́bí mi ọkùnrin yọ orúkọ bàbá ẹ̀ kúrò lára orúkọ tiẹ̀, orúkọ bàbá tèmi ló ń jẹ́ dòní. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ta òwú, bọ́tìnnì àti sípì fáwọn aránṣọ, ìyẹn la fi ń jẹun. Ẹnì kan ṣoṣo tó ṣe mí lóore nígbà yẹn ni Tísà. Tísà ni ọ̀gá ilé-ìwé tó wà nítòsí wa, àbúrò Ọ̀gágun ni wọ́n, ìyá kan náà ló bí wọn. Tísà gba àwọn ọmọ mi méjèèjì láìbéèrè ìwé kankan, wọn ò sì bi mí rí pé bàbá wọn ńkọ́. Wọ́n rí i lójú mi pé n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bi mí.

Nígbà tó yá, ọ̀gá di General, ó fẹ̀yìn tì, ó wálé. Ó gbẹ́ kànga ẹ̀rọ síbí, ó tún ọ̀nà ṣe sọ́hùn-ún, ni party bá fà á kalẹ̀. Èmi sì ti di women leader ní ward wa. Ọjọ́ tí wọ́n mú un wá kí wa, mo dá a mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀... òun ò dá mi mọ̀. Mi ò rán an létí. Ta ló fẹ́ kí ayé mọ̀ pé ìyàwó sójà tó sálọ lòun? Mo tiẹ̀ ń bá a wá àwíjàre, mo ní òfin ló tẹ̀ lé, ọkọ mi ló ṣe mí ní ibi. Mo polongo fún un láti ojúlé dé ojúlé títí ohùn mi fi há. Ó wọlé, ó lọ sí ilé aṣojú-ṣòfin ní Àbújá. A máa ń lọ ṣèpàdé nílé ńlá rẹ̀ lọ́nà Sẹ̀kọ̀nà, mo máa ń jókòó ní pálọ̀ rẹ̀, màá jẹun, màá mu mínírà.

Àfìgbà tí ọkùnrin kan wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Ó mú ọmọ ẹ̀ obìnrin wá sí polí, wọ́n wá ra abẹ́rẹ́ àti òwú. Ó wò mí títí, ó wá fi orúkọ tí wọ́n ń pè mí ní barracks pè mí. Ọ̀rẹ́ ọkọ mi ni! Ó jókòó, ó ní ẹ kú ara fẹ́ra kù, ó ní ikú ọ̀rẹ́ òun ò kúrò lọ́kàn òun. Mo ní ikú wo? Ó kọ́kọ́ fẹ́ dìde, mo di aṣọ ẹ̀ mú, lójú ọmọ ẹ̀. Ló bá sọ ọ́... Wọ́n kó òun àti ọkọ mi pẹ̀lú àwọn sójà míì tó mọṣẹ́ ọwọ́ sínú ọkọ̀, wọ́n gbé wọn wá sí Ẹdẹ, wọ́n ní kí wọ́n wá kanlé ọ̀gá tó ń kọ́ lọ́nà Sẹ̀kọ̀nà. Òjò rọ̀, pákó ń yọ̀, ọ̀gá ní kí wọ́n gun òkè bẹ́ẹ̀. Ọkọ mi já bọ́. Kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù, ó ti kú. Ọ̀gá ní bí àwọn àgbà iṣẹ́ ológun bá gbọ́ pé òun kó sójà ìjọba wá kọ́lé ara òun, ìgbéga òun ti bàjẹ́ nìyẹn. Wọ́n sin ọkọ mi sí itẹ́ òkú ní Ẹdẹ níbí, wọn ò pe ará ilé ẹ̀ kankan, ẹnikẹ́ni ò kírun sí i lára, wọ́n wá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó sá, wọ́n sì fi ìbúra dí àwọn tó rí i lẹ́nu. Nínú ìlú kan náà tí ìyá tó bí i wà! Lábẹ́ òrùlé yẹn ni mo ti ń mu mínírà.

Ìyà tó jẹ mí kọ́ ló ń dùn mí jù. Èpè tí mo ṣẹ́ ni. Ó jẹ́ kí n kórìíra òkú mi... ṣé ẹ mọ ohun tí ìyẹn jẹ́?

Mi ò pariwo. Nígbà tó jáde fún sẹ́nétọ̀, mo tún múra, mo tún rẹ́rìn-ín. Mo pín ìrẹsì ẹ̀, mo pín aṣọ ẹ̀. Ṣùgbọ́n nílé kọ̀ọ̀kan ni mò ń rọra sọ fáwọn obìnrin pé kí wọ́n se ìrẹsì náà jẹ, kí wọ́n ró aṣọ náà, kí wọ́n má tẹ̀ka fún un. Wọn ò bi mí nídìí, wọ́n mọ̀ pé mi ò tàn wọ́n rí. Mo gun ọ̀kadà dé Alájùẹ́, mo bá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tó wà níbẹ̀ sọ ọ́. Lọ́jọ́ ìbò, níbi àpótí ìbò iwájú ilé Ọ̀gágun gan-an ni wọ́n ti kọ́kọ́ fìbò na án. Nígbà tí wọ́n kéde èsì, mo ká ọwọ́ lérí, mo bá wọn sunkún. Mo délé, mo kírun ọpẹ́.

Mo rò pé ibẹ̀ ni ẹ̀san mi parí sí o. Ṣùgbọ́n Ọ̀gágun ní Tísà ló ta òun. Tísà ló wà nídìí ètò ìpolongo, wọ́n sì ti bá a jà nítorí àwọn tọ́ọ̀gì tó fẹ́ kó jáde. Ó pe gbogbo ẹbí jọ síwájú ìyá wọn, Tísà ní kí wọ́n gbé Kùránì wá kóun búra, Ọ̀gágun fọwọ́ tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó lé wọn kúrò nílé ìyá wọn. Màmá ọ̀hún ti darúgbó, kò lè dìde mọ́, ó ń béèrè Tísà lójoojúmọ́, wọ́n ń parọ́ fún un pé Tísà rìnrìn-àjò. Tísà ti rù hangogo. Tí wọ́n bá ń lọ lójú ọ̀nà, àwọn èèyàn á ní ọ̀dàlẹ̀ ló ń lọ yẹn. Èmi wá ńkọ́? Ọ̀gágun fi mí sípò Tísà! Ó tún fẹ́ jáde. Tó bá kírun Jímọ̀ tán, á yà sí ṣọ́ọ̀bù mi, á jókòó. Ó ní, "Nínú gbogbo ayé yìí, ìwọ nìkan ni kò dà mí rí." Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

Mo ti sọ gbogbo ẹ̀ fún àkọ́bí mi. Ó gun máṣíìnì lọ wo ilé náà, ó dúró lódìkejì títì. Nígbà tó dé, kò jẹun. Ó wá ní, "Màámi, ẹ má sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kó tún jáde, kẹ́ ẹ tún gbé e ṣubú." Òótọ́ inú mi náà nìyẹn. Mo fẹ́ kó tún ṣubú, kí n wá pe orúkọ ọkọ mi sí i létí lọ́jọ́ náà.

Ṣùgbọ́n níjẹta, Tísà wá bá mi. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ńṣì àwọn oníbàárà. Wọn ò béèrè ipò, wọ́n ní kí n ṣáà bá wọn bẹ ẹ̀gbọ́n wọn kó jẹ́ káwọn rí ìyá àwọn kó tó kú. Wọ́n ní, "Èmi àti ìwọ la jọ ṣiṣẹ́ yẹn. O mọ̀ pé mi ò ṣe é."

Mo ní, "Mo mọ̀, sà." Wọ́n dúpẹ́, wọ́n ṣàdúà fún àwọn ọmọ mi... Tísà ṣàdúà fún àwọn ọmọ mi!

Ẹ máa sọ pé kí n kàn bá wọn bẹ̀bẹ̀ láìjẹ́wọ́. Mo ti ṣe é, àná ni mo lọ. Ọ̀gágun ní tóun bá tún gbọ́ orúkọ Tísà lẹ́nu mi, òun á mọ̀ pé àwa méjèèjì la jọ ṣe é. Tí mo bá wá jẹ́wọ́, á kíyè sára, á lé mi, á wá ẹlòmíì tó máa bá a kó àwọn obìnrin jọ, ó sì lè wọlé. Ó tún láwọn tọ́ọ̀gì tó lè rán sí mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wulẹ̀ ní kí n dárí jì í, ìyẹn kọ́ ni mo bi yín. Mi ò dárí jì í, mi ò sì ní dárí jì í. Ohun tí mò ń bi yín ni pé, ṣé kí n jẹ́wọ́ kí Tísà lè rí ìyá wọn, kí ẹ̀san mi bọ́ sọnù lọ́wọ́ mi? Àbí kí n dákẹ́, kí n gba ẹ̀san náà tán pátápátá? Kí lẹ̀yin máa ṣe ká ní ẹ̀yin ni? Ẹ tètè dá mi lóhùn... wọ́n ní màmá náà ò jẹ nǹkankan láti àárọ̀ àná.