Ìgbà Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Nawọ́ Sókè

                                        Ilé Kọkànlá,
                                        Òpópónà Ẹ̀yìn Ọjà.
                                        Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Karùn-ún.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Báwo lara, báwo sì ni iṣẹ́ tuntun? Ṣé bàbá àwọn ọmọ wà dáadáa? Orúnkún ìyá rẹ ńkọ́, ṣé ó ti ń gbé wọn rìn díẹ̀díẹ̀? Gbogbo wa níbí wà láàyè, a dúpẹ́. Má bínú pé mo pẹ́ kí n tó kọ̀wé. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ ló wúwo lẹ́nu mi.

O ò lè gbàgbé Olóhùn Àárọ̀ tí a jọ ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ rédíò. Nígbà tí wọ́n gbé e lọ sí kóòtù torí ó ní omi ẹ̀rọ ìlú ò ṣeé mu, ẹ̀gbọ́n mi lọ́yà ló gbèjà rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ títí tó fi jàre, tí èmi àtìrẹ dì mọ́ra wa níta, tí à ń sunkún ayọ̀. Ẹjọ́ yẹn ló sọ ẹ̀gbọ́n mi di ẹni tí ìlú dìbò fún, tó fi wọ ilé aṣòfin.

Lọ́dún yìí, ìdíbò le fún un. Olóhùn Àárọ̀ sì ti sọ lórí afẹ́fẹ́ pé òrùlé ilé ìwòsàn tuntun ń jò, inú ń bí ẹgbẹ́ òṣèlú tó kọ́ ọ. Wọ́n ní àwọn á ti ẹ̀gbọ́n mi lẹ́yìn, bó bá fọwọ́ sí òfin tí kò ní jẹ́ kí ẹni tó bá ba ìlú lórúkọ jẹ́ sọ̀rọ̀ lórí rédíò mọ́.

Mo lọ bá a nílé. Ó ń lọ aṣọ lọ́wọ́, kò gbójú sókè.

"Àbúrò mi, àwọn tó ń bínú sí Olóhùn Àárọ̀ pọ̀ ju àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ lọ. Jẹ́ kí n wọlé ná, màá tún un ṣe."

Mo ní, "Nígbà tẹ́ ẹ gbèjà rẹ̀, ṣé ẹ kọ́kọ́ ka èèyàn ni?"

Ó yí aṣọ náà sí ẹ̀gbẹ́ kejì. "Ìgbà yẹn, mi ò tíì dupò kankan."

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣòfin náà, èmi ni wọ́n rán lọ gba ìròyìn. Ẹ̀gbọ́n mi wà lára àwọn tó kọ́kọ́ nawọ́. Èmi náà ni mo kà á fáráyé gbọ́ nírọ̀lẹ́, ohùn mi ò sì gbọ̀n. Ìyẹn ló ń dùn mí jù.

Kò pẹ́ sí i ni ọlọ́pàá wọlé bá wa lẹ́nu iṣẹ́. Olóhùn Àárọ̀ kí àwọn olùgbọ́ pé ó dàbọ̀, ó yọ ohun tó fi bo etí, ó rọra gbé e sórí tábìlì. Mo fi orin sí i, torí mi ò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe. Wọ́n mú un lọ. Wọ́n ti dá a sílẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ lórí rédíò mọ́. Ìyàwó rẹ̀ ní láràárọ̀ ló ṣì ń jí lákòókò iṣẹ́, á wẹ̀, á múra, á wá jókòó sí pálọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi borí nínú ìdíbò náà. Ìyá wa pè wá jọ láti bá a yọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n bá òun ka ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ òun lórí rédíò, torí àwọn èèyàn gba ohùn mi gbọ́. Mo ní ọ̀fun ń dùn mí.

"Á san," ló wí, ó fọwọ́ kàn mí léjìká.

Nígbà tí wọ́n ń ya fọ́tò, mo wà ní kíṣìnnì, mo ń fọ abọ́ tó ti mọ́.

Bá mi kí ìyá àti bàbá àwọn ọmọ. Jọ̀ọ́, pe Olóhùn Àárọ̀. Má bi í léèrè òfin kankan. Ṣáà jẹ́ kó máa sọ̀rọ̀, kí o máa gbọ́.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ tó ń retí ohùn rẹ,
Ìyá Ìròyìn.