A Ti Wo Eré Ìje Yín Tán, Dádì

Ọdún kan pé lónìí tí ẹ ti jáde nílé yìí, Dádì. Ọdún kan gbáko, tẹ̀yin ti ẹ̀wù iṣẹ́ aláwọ̀ búlúù lọ́rùn, tẹ̀yin ti kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lẹ́nu, nítorí pé fùláàsì tíì wà lọ́wọ́ ọ̀tún, báàgì wà lọ́wọ́ òsì. Ẹ yọ kọ́kọ́rọ́ náà lẹ́nu, ẹ bojú wẹ̀yìn wo tẹlifíṣàn, ẹ ní, "Mo ti tẹ̀ ẹ́ kó máa gbà á sílẹ̀. Ẹ má sọ ẹni tó ṣe ipò kìíní fún mi o. Kí ẹnikẹ́ni má sọ ọ́."

A ò sọ ọ́.

Kí ẹni tó bá ka èyí tí kò sì mọ̀ yín lè mọ̀: Akínbọ́lá lorúkọ yín. Nọ́ọ̀sì ni yín. Ọdún mẹ́rìnlá lẹ fi gbé Rowlett, lẹ́bàá Dallas, ohun kan ṣoṣo tó sì ń jí yín ní Sátidé láìsí aláàmù ni eré ìje àwọn ọkọ̀ GT ní ilẹ̀ Yúróòpù. Kì í ṣe àwọn ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tí táyà wọn yọ síta o. Ojú yín máa ń le bí ẹnikẹ́ni bá pa wọ́n pọ̀. Ọkọ̀ tó ní ilẹ̀kùn ni tiyín, tó ní gíláàsì, irú èyí tí olówó lè gbé lọ ra búrẹ́dì, àmọ́ tí wọ́n ti tún inú rẹ̀ ṣe fún eré. Aago mẹ́ta ọ̀sán wọn lọ́hùn-ún, aago mẹ́jọ àárọ̀ wa ni ní Dallas níbí.

Mọ́mì kì í wò ó. Adétóun, ìyàwó yín, á jókòó sórí àga kejì, á máa ká aṣọ tó ti gbẹ, á ní ariwo yẹn ń fọ́ òun lórí. Màmá, ìyá tó bí Mọ́mì, tó wá kí wa ní ìgbà òtútù kan tí kò sì padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ mọ́, á bi yín ní ìbéèrè tó máa ń bi yín.

"Akínbọ́lá, ta ló ń lé wọn?"

"Kò sẹ́ni tó lé wọn, Màmá. Eré ni."

"Ibi tí wọ́n ti gbéra ni wọ́n tún padà sí yìí. Wọn ò kúkú ṣe jókòó jẹ́ẹ́?"

Ẹ á rẹ́rìn-ín títí tíì á fi dà sí yín lẹ́sẹ̀.

Nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún, aláwọ̀ ọsàn, ni ọkọ̀ yín. Ẹ ò mọ ẹnì kan nínú àwọn tó ni ín. Síbẹ̀ "ọkọ̀ wa" lẹ máa ń pè é. Awakọ̀ mẹ́ta ló ń pín in wà. Bí ọ̀kan bá ti wà á fún bíi wákàtí kan, á yà sọ́dọ̀ àwọn mẹkáníìkì, á bọ́ sílẹ̀, èkejì tó ti dé akoto tó sì ti ń dúró dè é á kó sínú rẹ̀, wọ́n á pààrọ̀ táyà, ó di wàráwàrá. Gbéminíyì, ọmọ yín obìnrin tó ń kọ èyí, tí Mọ́mì ń kọ́ níwèé nínú ilé, tí ohùn rẹ̀ kì í jáde láàárín èrò, ìṣirò aago wọn lẹ fi kọ́ ọ ní ìpín àti ìdá. Ẹ tún fi hàn án pé orúkọ awakọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wà lára ọkọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ ní, "Ẹni tó bọ́ sílẹ̀, wọn kì í pa orúkọ tirẹ̀ rẹ́."

Eré Ítálì ló ń lọ lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà, ẹlẹ́ẹ̀kẹta nínú mẹ́wàá tí wọ́n máa sá lọ́dún náà. Ẹnì kan ò lè wá síbi iṣẹ́, wọ́n pè yín pé kí ẹ wá dí àlàfo. Ó ku díẹ̀ kí awakọ̀ àkọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀ lẹ dìde. Ní aago kan ọ̀sán, fóònù dún. Wọ́n ní ẹ ń ran aláìsàn kan lọ́wọ́ kó yí ẹ̀gbẹ́ padà ni ẹ fara ti ògiri, ẹ rọra jókòó sílẹ̀. Ẹ ò dìde mọ́. Wọ́n ní ọkàn ni.

Mọ́mì gbọ́ ọ tán. Ó ní, "Ó dáa. Ẹ ṣeun." Ó gbé fóònù kalẹ̀, ó sì parí aṣọ tó ń ká lọ́wọ́. Kò sunkún lọ́jọ́ náà. Kò sunkún lọ́jọ́ ìsìnkú.

Lọ́jọ́ kẹjọ, Bùọ̀dá Waleed tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́, tí ẹ jọ máa ń jiyàn lórí eré yìí, wá láti Vickery Meadow pẹ̀lú Sìmíátù ìyàwó rẹ̀. Ó jókòó, ó mi orí títí. Ó wá ní, "Ìyá Tìmílẹ́yìn, ká ní ẹ̀gbọ́n rí ohun tí nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún..."

Mọ́mì ti gbé àwo ìrẹsì lé e lọ́wọ́. "Waleed, má sọ ọ́."

"Kí ni mo fẹ́ sọ?"

"Ó ní kí ẹnikẹ́ni má sọ ọ́."

Ó wo Sìmíátù. Sìmíátù wo ilẹ̀. Waleed fi ṣíbí ro ìrẹsì náà síhìn-ín sọ́hùn-ún. "Kò burú," ó ní. "N ò ní sọ ọ́."

Báyìí ni a ṣe pa ẹnu mọ́. Kì í ṣe Ítálì nìkan, nítorí ẹni tó bá sọ bí ọdún náà ṣe parí ti sọ Ítálì mọ́ ọn. Eré méje tó kù kọjá lórí wa bí òjò tó rọ̀ sí ìlú ẹlòmíràn. Tìmílẹ́yìn, àkọ́bí yín, ti yọjú wò ó lórí fóònù lọ́jọ́ kìíní, ó sì fi ọdún kan jẹun láì wo ojú Mọ́mì.

Àwọn nǹkan ti yí padà, Dádì. Tìmílẹ́yìn ti ríṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Coppell, ó ń jí ní aago márùn-ún, ẹni tí ẹ máa ń da omi sí lára kó tó jí. Òun àti Waleed ti parí pèpéle igi tí ẹ bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Ó wọ́ díẹ̀ sápá òsì, àmọ́ ó gba àga mẹ́rin. Gbéminíyì ti ń wakọ̀. Ọkọ̀ yín ló fi kọ́ ọ, Mọ́mì ló jókòó tì í. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ gun orí freeway, ọ̀nà márosẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, Mọ́mì sì ń wo iwájú bí ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. "Máa lọ," ó ní. "Máa lọ. Àwọn tó wà lẹ́yìn ò mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà ọ́."

Ohun kan ò yí padà. Ní gbogbo Sátidé, Mọ́mì á fọ ẹ̀wù iṣẹ́ yín kan tí kò dọ̀tí, á lọ̀ ọ́, á tẹ́ ẹ sórí àga yín. Títí di ọ̀sán ló máa wà níbẹ̀. A kì í bi í ní ìdí rẹ̀. Nígbà tí Tìmílẹ́yìn fẹ́ bi í, Màmá dì í lápá mú. "Ẹ fi í sílẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá kú, ẹnì kan kì í fà á. Fúnra rẹ̀ ló máa jí, ìgbà tó bá ń jí gan-an ló sì máa dùn ún."

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ni ọ̀rọ̀ jáde lójú tẹlifíṣàn. Àpótí tó ń gba ètò sílẹ̀ kì í tọ́jú nǹkan ju ọdún kan lọ. Ó kọ ọ́ gàdàgbà pé ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí eré Ítálì pa rẹ́.

Mọ́mì dúró síwájú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, rìmóòtù ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mom, ó wà lórí YouTube," Tìmílẹ́yìn ní. "Kò lè sọnù."

"Ìyẹn kọ́ ló gbà sílẹ̀."

"Eré kan náà ni, Mọ́mì."

"Kì í ṣe kan náà. Èyí, ìka rẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́."

Bí a bá wò ó, àwa ni a ti gbà pé ẹ ò ní padà wá wò ó. Bí a ò bá sì wò ó, á lọ mọ́ wa lọ́wọ́. Ọjọ́ méjì ni Mọ́mì fi gbé ọ̀rọ̀ yìí kiri inú ilé. Ó fọ abọ́ tó ti mọ́. Tíì rẹ̀ tutù lórí tábìlì, ó po òmíràn, ìyẹn náà tutù.

Láàárọ̀ àná, Sátidé, aago mẹ́jọ kù díẹ̀, ó tẹ́ ẹ̀wù yín sórí àga yín. Ó jókòó sórí àga kejì. Kò sí aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kí Tìmílẹ́yìn pe Waleed, Waleed sì dé, ó jókòó, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀.

"Tẹ̀ ẹ́," Mọ́mì ní.

Ohun tí ẹ rí la kọ́kọ́ rí. Ọkọ̀ wa gbéra láti ipò karùn-ún, ó dé ìkẹta, ó dé ìkejì. Nígbà tó kan ibi tí ẹ ti dìde, gbogbo wa mọ̀ ọ́n. Mọ́mì wo ẹnu ọ̀nà. Lẹ́yìn ìyẹn, ohun tí ẹ ò rí ló kù.

Ìṣẹ́jú mọ́kànlá, Dádì. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá péré lẹ́yìn tí ẹ jáde. Bóyá ẹ ò tíì dé iná pupa kejì. Èéfín rú lábẹ́ ọkọ̀ wa níwájú, ó rọra yà kúrò lọ́nà, ó dúró sórí koríko. Ó parí síbẹ̀.

Wọ́n wá fi awakọ̀ tó kàn hàn wá. Ó ti dé akoto. Ó ti wọ ìbọ̀wọ́. Ó dúró sí ojú ibi tí ọkọ̀ yẹ kó yà sí, ó ń wo ojú ọ̀nà. Ẹnì kan fọwọ́ kàn án léjìká láti sọ fún un, kò yí padà. Ó ṣáà ń wo ojú ọ̀nà náà.

"Ó ti múra tán," Mọ́mì ní.

Ó na ìka sí ojú tẹlifíṣàn.

"Ẹ wò ó. Ó ti múra tán."

Ó pẹ́ díẹ̀ kí ọkùnrin náà tó bọ́ ìbọ̀wọ́ kan. Ó bọ́ èkejì. Ó ṣí akoto, ó kó ìbọ̀wọ́ méjèèjì sínú rẹ̀, ó wọlé lọ jókòó. Mọ́mì ní kí Tìmílẹ́yìn dá a padà. Ó dá a padà. Ó ní kó tún dá a padà. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó gbé ọwọ́ sókè. "Ó tó."

Màmá tó ti fi ọdún kan dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ eré yìí tún wo tẹlifíṣàn. "Ta ló ń lé wọn gan-an?"

Mọ́mì ló dáhùn. "Kò sẹ́ni tó lé wọn, Màmá. Eré ni."

A wo wákàtí méjì tó kù, ọkọ̀ tí a ò mọ̀, àwọn èèyàn tí a ò mọ̀. Nígbà tó parí, Mọ́mì yíjú sí Waleed. "Ó yá, sọ ìyókù."

"Ó tó gẹ́ẹ́!" Waleed fò dìde. "Ọdún kan ni mo fi gbé e há ọ̀fun! Sìmíátù ní mo ti ń sọ ọ́ lójú oorun." Ló bá bẹ̀rẹ̀. Bí nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún ṣe gba ipò kìíní ní Jámánì nínú òjò, Waleed sì ń fi tìmùtìmù ṣe ọkọ̀, ó ń yà bàrà láàárín pálọ̀. Bí ó ṣe ṣe ìkejì ní Sípéènì. Bí ó ṣe ku eré kan péré tí wọ́n ṣì lè gba ife ọdún náà, àti bí táyà kan ṣe já wọn kulẹ̀, tí wọ́n fi parí ọdún ní ipò kẹta. Mọ́mì ń gbọ́ ọ bí ẹni tí wọ́n ń ròyìn ilé fún.

Ó wá dìde. Ó ká ẹ̀wù yín kúrò lórí àga, ó nà án sí Waleed. "Ìwọ̀n kan náà lẹ̀yin méjèèjì. Máa wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́."

Waleed fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.

Mọ́mì jókòó sórí àga yín. Ó ní, "Ebi ń pa mí."

A bu iṣu fún un. Ó jẹ ẹ́ tán, ó ní ká tún bù sí i. Ibi tó ti ń jẹ ìkejì ni omi ti bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lójú rẹ̀ sínú àwo. Kò nù ún. Ó ń jẹun lọ. Màmá wò ó, ó mi orí, ó ní, "Ó ti ń jí."

Nígbà tí a jí láàárọ̀ yìí, àpótí náà ti ṣófo. Eré Ítálì ti ọdún yìí máa wáyé ní ọ̀sẹ̀ méjì òní. A máa wò ó. Waleed ní òun máa mú àkàrà wá.

Nítorí náà, Dádì, ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu wa: ọkọ̀ wa ò dé òpin ní Ítálì. Ọkọ̀ funfun kan ló ṣe ipò kìíní. Ẹ ní ká má sọ ọ́, a sì ti sọ ọ́. Ẹ má bínú sí wa. A ò lè gbé e wọ ọdún kejì.

A ṣì ń gbọ́ ẹ̀rín yín ní Sátidé. A fẹ́ràn yín, Adétóun, Tìmílẹ́yìn, Gbéminíyì, àti Màmá tí kò tíì mọ ẹni tó ń lé wọn. Ẹ ti bọ́ sílẹ̀, àwa la wà nídìí ọkọ̀ báyìí, ọwọ́ wa ò sì tíì fi bẹ́ẹ̀ yé gbọ̀n. Orúkọ yín ṣì wà lára rẹ̀.